Láti abẹ́ lọ sókè: iṣẹ́ oṣù mẹ́rin lórí Land Cruiser 80 mi

Epo inú differential ẹ̀yìn, ìyẹn àkójọ gíá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì tó ń pín agbára fún wọn, ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Mo tú bóòtù abẹ́ rẹ̀ láti pààrọ̀ epo bí mo ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ohun tó dà sínú bàsíà kì í ṣe epo tí mo mọ̀. Ó funfun, ó ki, ó ń hó, àfi bíi wàrà tí eruku dà sí. Omi ti wọ ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni mo gba inú odò kan kọjá, omi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì táyà lọ. Mo jáde ní òdìkejì, mo sì ń dúpẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe ọkọ̀. Nǹkan ti ṣe é, n kò tíì mọ̀ ni.

Jíìpù ọ̀hún ni Toyota Land Cruiser 80, ọdún 1994. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni 1HZ, dísẹ́ẹ̀lì onísìlíńdà mẹ́fà, lítà 4.2, kò ní turbo, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan tó ń pín epo fún un. Axle iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ odindi irin láti táyà dé táyà, wọ́n sì jókòó sábẹ́ sípíríǹgì tó ká bí ejò. Ọkọ̀ tí èèyàn lè fi sípánà àti sùúrù tún ṣe ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwé kan ti wà lára ògiri gáréèjì mi láti ọjọ́ tí mo ti rà á: táyà ńlá, kí n gbé e ga, iná lórí òrùlé. Nígbà tí mo rí epo yẹn, mo já ìwé náà lulẹ̀. Mo kọ òmíràn, mo sì fi àwọn ohun tí ojú kì í rí ṣáájú.

Ibi tí axle ń gbà mí

Epo wà nínú axle, atẹ́gùn wà lókè epo. Bí a bá ń wa ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ á gbóná, atẹ́gùn inú á fẹ̀, á sì máa gba ihò kékeré kan jáde lókè axle. Ihò yẹn ni wọ́n ń pè ní breather. Bí axle gbígbóná bá wá bọ́ sínú omi tútù, atẹ́gùn inú rẹ̀ á sún kì lójijì, á sì máa wá ohun tó máa fi dí àyè tó ṣófo. Bí breather bá wà lábẹ́ omi, tàbí tó ti dí, axle á gba ẹnu oil seal, rọ́bà tó ń dí etí rẹ̀, fa omi wọlé. Inú ni ètè seal kọjú sí, torí iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó má jẹ́ kí epo jáde. Ó dà bí olùṣọ́ tí wọ́n ní kó dènà ẹni tó fẹ́ jáde. Ẹni tó ń wọlé kò kàn án.

Breather ọkọ̀ yìí ní fìlà kékeré kan tó yẹ kó máa yí, kó sì máa gbéra díẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ti ẹ̀yìn kò mira rárá. Ẹrẹ̀ ti gan mọ́ ọn títí ó fi le bí òkúta. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò: ti axle iwájú, ti axle ẹ̀yìn, ti gíábọ́ọ̀sì, àti ti transfer case tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Mo fi ẹnu irin tó ń gba rọ́bà rọ́pò wọn, mo sì na rọ́bà tí epo kì í jẹ, èyí tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8, lọ sókè. Mẹ́ta pàdé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lára ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó, níbi tó ga jù tí mo rí. Ti ẹ̀yìn gba inú ara ọkọ̀ gòkè lọ sẹ́yìn iná ẹ̀yìn. Mo fi asẹ́ kékeré sí ẹnu wọn kí eruku má bàa wọlé.

Mo ṣe àṣìṣe kan níbí tó yẹ kí ẹ mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ ni mo wọn rọ́bà ẹ̀yìn, ó sì ṣe rẹ́gí. Ìgbà tí mo wá fi jáàkì gbé ṣáàsì, tí axle rọ̀ sílẹ̀, rọ́bà náà fà le pinpin, ó kù díẹ̀ kó já. Axle ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí máa ń rọ̀ gan-an bí táyà kan bá wọ kòtò, ibi tó burú jù lójú ọ̀nà ni rọ́bà mi ì bá sì ti já. Mo yọ ọ́ kúrò, mo jẹ́ kí axle rọ̀ dé ibi tó lè rọ̀ dé, mo wá wọn tuntun, mo sì fi ìbú ọwọ́ kan kún un. Ohun kejì ni pé rọ́bà náà kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó tún gòkè níbikíbi. Omi tó bá kójọ sí ibi tó sọ̀ yẹn á dí i pa.

Epo funfun náà kò tán lẹ́ẹ̀kan. Mo bu epo gíá 80W-90 tuntun sí i, mo wa ọkọ̀ ní kìlómítà 20, mo dà á nù. Ó ṣì rí bí omi ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó kàn ṣú díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló mọ́. Mo gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí sítáǹdì, mo fi ọwọ́ yí táyà, mo sì gbé etí lé ilé axle. Bíárìn ń yí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sí ìró tó ń ha. Ká ní omi yẹn lo oṣù méjì sí i níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bíárìn ni ǹ bá máa kọ báyìí.

Wáyà

Ẹni tó lo ọkọ̀ yìí ṣáájú mi ti so iná mẹ́rin mọ́ ọn. Wáyà tín-ín-rín ló lò, ó fà á láti orí bátìrì tààrà, kò sì sí fíúùsì kankan lójú rẹ̀. Mo rí ibi tí wáyà náà ti gba etí irin kọjá. Irin ti ha rọ́bà ara rẹ̀ kúrò, bàbà pupa sì ti yọjú. Ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà tí mo rí i. Bí bàbà yẹn bá kan ara ọkọ̀, bátìrì á da gbogbo agbára rẹ̀ sínú wáyà náà, wáyà á pọ́n bí ẹyin iná, kò sì sí ohun tó máa já a. Mo gé gbogbo rẹ̀ kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Iná méjì péré ni mo fẹ́, wáàtì 55 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 110. Ẹ fi fóltì 12 pín in, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní ámpù 9. Kò yẹ kí súwíìṣì kékeré gbé ìyẹn, nítorí náà relay, ìyẹn súwíìṣì ńlá tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, ló ń gbé e, súwíìṣì kékeré kàn ń pàṣẹ fún relay ni. Fíúùsì ámpù 15 wà nítòsí bátìrì, kò jìnnà sí i ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo ti rí àwọn tó ń fi fíúùsì sí ìdí iná lọ́hùn-ún. Wáyà ni fíúùsì ń ṣọ́, kì í ṣe iná. Wáyà tó bá wà láàárín bátìrì àti fíúùsì kò ní olùṣọ́, ẹ jẹ́ kó kúrú bó bá ti lè kúrú tó.

Fíríìjì kékeré ẹ̀yìn ọkọ̀ ló mú kí n jókòó ṣe ìṣirò gidi. Ó ń fa ámpù 5, ó sì jìnnà sí bátìrì ní mítà 5, èyí tó jẹ́ mítà 10 bí a bá ka àlọ àti àbọ̀. Bí mo bá lo wáyà 1.5 mm², nǹkan bí fóltì 0.6 ló máa ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí mo bá lo 6 mm², nǹkan bí 0.15 ni. Fóltì 0.6 lè dà bí ohun kékeré létí, àmọ́ bátìrì tó kún dáadáa wà ní nǹkan bí fóltì 12.7, èyí tó ti lò dé ìdajì wà ní nǹkan bí 12.2. Fíríìjì tó wà nídìí wáyà tín-ín-rín á máa rò pé bátìrì ti ń tán nígbà tó ṣì kún, á sì pa ara rẹ̀. Mo lo 6 mm².

Bátìrì kejì ló ń bọ́ fíríìjì àti iná inú. Relay kan tó ń wo fóltì ló so ó mọ́ ti àkọ́kọ́: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí fóltì kọjá nǹkan bí 13.3, ó so wọ́n pọ̀. Bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì tí fóltì sì wálẹ̀, ó yà wọ́n. Bí fíríìjì tilẹ̀ lo bátìrì kejì tán pátápátá lóru, ọkọ̀ á ṣì jí láàárọ̀. Fóltì 12 ni ọkọ̀ tèmi látòkè délẹ̀. Àwọn 80 onídísẹ́ẹ̀lì kan wà tí sítátà wọn ń lo 24, ẹ wo tiyín dáadáa kí ẹ tó gé wáyà kankan.

Gbogbo ibi tí wáyà nẹ́gẹ́tíìfù ti kan ara ọkọ̀, mo ha ọ̀dà kúrò títí irin fi tàn, mo de bóòtù, mo wá fi gíríìsì bò ó. Gbogbo ibi tí wáyà ti gba ara irin kọjá ní rọ́bà róbótó báyìí.

Snorkel

Snorkel ni páìpù gíga tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa atẹ́gùn láti òkè, kí omi má bàa wọ inú rẹ̀. Òun ló bà mí lẹ́rù jù, torí ihò tí a bá lu sára fẹ́ńdà kò ṣeé dí padà. Mo lẹ téèpù mọ́ ọ̀dà, mo lẹ bébà àwòṣe tó bá snorkel wá mọ́ orí téèpù, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì tún un wọ̀n. Dírììlì tín-ín-rín ló kọ́kọ́ wọlé kí èyí tó ń gé ihò ńlá tó tẹ̀lé e. Mo fi fáìlì dán etí ihò náà, mo kun ọ̀dà onísíńkì sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó fi snorkel kàn án. Mo fi òòfà kó gbogbo èérún irin tó bọ́ sínú fẹ́ńdà. Èérún tó bá sùn síbẹ̀ á dógùn-ún, á sì ran ara ọkọ̀.

Àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ snorkel ni iṣẹ́ gan-an. Ilé asẹ́ atẹ́gùn ní ihò kékeré nísàlẹ̀ tó ń jẹ́ kí omi òjò sun jáde. Bí ilé asẹ́ yẹn bá rì sínú odò, ihò kan náà ni omi máa gbà wọlé, snorkel ì báà ga kan ọ̀run.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ dí ẹnu snorkel. Ẹ má fi ọwọ́ dí i, ó ń fà gan-an. Bí gbogbo ojú ìsopọ̀ bá dí, ẹ́ńjìnnì á kú. Àbúrò mi gun orí àga, ó gbé pákó lé e. Ẹ́ńjìnnì ń lọ bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, kò kú o," ló wí.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá ibi tó ń jò. Mo fi ẹnu rọ́bà gígùn kan sí etí, mo sì ń fi ẹnu kejì tọ ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ń jò á máa súfèé. Ihò ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, mo sì dí i. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà ìdérí ilé asẹ́, tó ti gbẹ tó sì ti sán. Ẹ̀kẹta ni n kò rò tì: kílíìpù tó mú páìpù níbi tó ti wọ inú fẹ́ńdà, ẹ̀gbẹ́ kan péré ló mú. Nígbà tí a tún gbé pákó lé e, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó sì kú láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Àbúrò mi pariwo ayọ̀.

Ìdí tí mo fi lo ọjọ́ méjì lórí rẹ̀ rèé. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, písítìnì ń fún atẹ́gùn pọ̀ títí àyè tó gbà á fi kéré ju ìdá kan nínú 20 ti tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá kún ibẹ̀, písítìnì á dúró nígbà tí kíráńkì ṣì ń yí, connecting rod tó so wọ́n pọ̀ á sì tẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti ba odindi ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Gíga àti táyà

Sípíríǹgì tuntun gbé ọkọ̀ ga ní mílímítà 50. Yíyọ ti àtijọ́ kò le: ẹ gbé ṣáàsì sórí sítáǹdì, ẹ tú ṣọ́kì, ẹ jẹ́ kí axle rọ̀, sípíríǹgì á jáde. Sítáǹdì ni mo wí, kì í ṣe jáàkì nìkan. N kì í fi orí mi sábẹ́ ọkọ̀ tó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ tó bá jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Ohun tó tẹ̀lé gíga ló gba àkókò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, ọkọ̀ ń rìn gbéregbère ní kìlómítà 80 ní wákàtí. Bí mo bá ṣẹ́ sítíárìn, kì í dá padà sí àárín fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gòkè, axle iwájú á yí díẹ̀ lórí apá tó dì í mú, ìdagẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní caster, èyí tó ń mú kí sítíárìn dá padà sí àárín, á sì dín kù. Mílímítà 50 á jẹ nǹkan bí dígírì 2 nínú rẹ̀. Búṣì tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gan-an ló dá a padà. Axle pàápàá ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan ní mílímítà 8, torí panhard rod tó dì í mú kò gùn sí i nígbà tí ọkọ̀ gòkè. Mo fi èyí tó ṣeé fà gùn rọ́pò rẹ̀.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Háùsì bíréèkì, rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì, gbọ́dọ̀ gùn sí i, gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni fáàfù kan tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, tí apá irin kan so mọ́ axle ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, fáàfù yẹn á mọ̀, á sì fi agbára kún bíréèkì ẹ̀yìn. Bí mo ṣe gbé ọkọ̀ ga, ó gbà pé ọkọ̀ ṣófo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù kún inú rẹ̀. Táyà iwájú wá ń dá ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídúró. Mo fi irin mílímítà 50 gbé ibi tí apá náà ti so mọ́ axle ga, kó lè rí ohun tó ń rí tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, n kò sì mọ̀ ọ́n rárá kí n tó lọ bá mẹkáníìkì àgbà kan tó bi mí léèrè pé, "Fáàfù ẹ̀yìn ńkọ́?"

Táyà yí padà láti 275/70R16 sí 285/75R16. Gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀ kúrò ní mílímítà 791, ó di 834. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn nìkan, bíi mílímítà 21, ló kún gíga abẹ́ axle, síbẹ̀ òun nìkan ló gbé axle ga. Sípíríǹgì ò gbé axle ga rárá, ara ọkọ̀ ló gbé. Sípídómítà náà ń parọ́ báyìí: bó bá kọ 100, bíi 105 ni mo ń sá ní tòótọ́.

Dúrọ́ọ̀ ẹ̀yìn

Páláìwúùdù mílímítà 12 ni mo fi ṣe dúrọ́ọ̀, àpótí tí mò ń kó ẹrù sí. Mo fẹ́ lo 18 tẹ́lẹ̀, àmọ́ mítà onígun mẹ́rin kan nínú rẹ̀ wúwo tó bíi kìlógíráàmù 11 tàbí 12, nígbà tí ti 12 jẹ́ bíi 8. Bóòtù rẹ̀ wọ inú ihò tí ìjókòó ẹ̀yìn lò tẹ́lẹ̀, torí pákó tí sukúrú lásán dì mú á fò wá bá ẹni tó ń wakọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Mo gbé ohun gbogbo lé ìwọ̀n kó tó wọlé, omi lítà 40 àti irinṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ mélòó kan padà sí gáréèjì.

Ibi ìfàyọ

Mo fi ìkọ́ ìfàyọ tó nípọn, èyí tí a fi ń fa ọkọ̀ tó bá rì yọ, dè mọ́ ṣáàsì níwájú méjì, lẹ́yìn méjì, pẹ̀lú bóòtù líle. Ìkọ́ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ látilẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe fún ìfàyọ. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa tírélà sì ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi okùn kọ́ láé. Bó bá kán nígbà tí okùn tó ń nà bá le, á fò bí ọta ìbọn, ó sì ti pa èèyàn.

Odò náà lẹ́ẹ̀kejì

Odò kan náà ni mo padà lọ. Lójú iyanrìn tó ṣáájú rẹ̀, mo dín atẹ́gùn táyà kù láti 36 psi sí 18. Ẹsẹ̀ táyà gùn sílẹ̀, ọkọ̀ tó ń rì tẹ́lẹ̀ sì gun orí iyanrìn kọjá wẹ́rẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ rin odò náà já, mo fi igi wọn ìjìn rẹ̀, mo wá fi gíá kejì low range (gíá alágbára tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́) wọ̀ ọ́, mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ kí ìgbì iwájú má bàa tú. N kò dúró kí axle tutù. Mo fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí a dé ilé, mo gbé bàsíà kan náà sábẹ́ differential ẹ̀yìn, mo sì tú bóòtù. Epo dà jáde ní àwọ̀ oyin, ó mọ́ gaara. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi ìka méjì pa á pọ̀, ó ń yọ̀ bó ṣe yẹ kó yọ̀. Mo ṣe ti iwájú náà, bákan náà ló rí. Seal tó yí oríkèé táyà iwájú òsì ká ń jẹ́ kí gíríìsì sun díẹ̀, òun ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.